Bí A Ṣe Ń Mú Ìdánrawò Béèsì Àtijọ́ Bá Ọwọ́ Òde Òní Mu

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onígìtá béèsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sídìí béèsì ńlá, ìyẹn double bass tí a ń gbé nàró, kì í yé bi mí ní Ìbàdàn níbí. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ìwé Simandl, ìwé ìdánrawò béèsì àtijọ́ yẹn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ n kò tíì kọjá ojú ewé mélòó kan tí ọwọ́ fi ń ro mí. Ṣé kí n fara dà á ni, àbí kí n wá òmíràn?" Ẹlòmíràn á ní sólfà ni wọ́n fi kọ́ òun ní kọ́yà, òun ò mọ orin onílà márùn-ún kà. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé náà ò jọ ohun tí àwọn ń lù ní Sọ́ńdè rárá.

Ibì kan náà ni ìdáhùn mi ń já sí. Ẹ má sọ ìwé náà nù, ẹ má sì lò ó bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ìdánrawò kọ̀ọ̀kan fẹ́ kọ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ dì mú. Ìka tí wọ́n kọ sórí nóòtì, bí bóò (ọ̀pá onírun tí a fi ń fa okùn) ṣe ń lọ, ìyára, key tó wà (ìyẹn nóòtì tí a pè ní d), gbogbo ìyẹn ṣeé yí, ó sì ní èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú yíyí wọn.

Béèsì olókùn mẹ́rin tí a yí sí E, A, D, G ni mo ní lọ́kàn jálẹ̀. Ní ti ìka ọwọ́ òsì: 1 ni ìfábẹ̀lá, 2 ni ìka àárín, 3 ni ìka òrùka, 4 ni ọmọńdinrín. Òdo, 0, ni okùn tí a kò tẹ̀.

## Kí ẹ tó ṣí ìwé

Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò ná:

- Gíga okùn. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti pátákó dúdú tí ìka ń tẹ̀, ní ìparí pátákó náà lápá ọ̀dọ̀ bíríìjì, igi tó gbé okùn dúró. Pẹ̀lú okùn onírin òde òní, bíi mílímítà 6 lábẹ́ G àti 9 tàbí 10 lábẹ́ E ló máa ń tu ọ̀pọ̀ ọwọ́ lára. Bí ti G bá ti ju 10 lọ, ẹ gbé béèsì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kí ẹ tó dá ìwé lẹ́bi.
- Ẹ̀dà tí ẹ lè kọ nǹkan sí. Bottesini, tí òun náà kọ ìwé béèsì, kú ní 1889, Simandl ní 1912. Ìwé wọn ti di ti gbogbo ayé, ẹ ó rí wọn lórí IMSLP, ibi tí wọ́n ń kó ìwé orin ọ̀fẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tẹ odidi ìwé jáde. Ojú ewé tí ẹ fẹ́ lò lọ́sẹ̀ yìí ti tó, àwọn ṣọ́ọ̀bù Agbowó níwájú Yunifásítì á bá yín tẹ̀ ẹ́.
- Pẹ́ńsù àti rọ́bà ìparẹ́. Ẹ má fi bírò kọ ìka. Ẹ máa yí i padà, ó dá mi lójú.
- Fóònù tó ní métírónóòmù (ohun tó ń ka ìró fún yín), tó lè wọn ohùn okùn, tó sì lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ ti ṣáàjì rẹ̀ kalẹ̀, ẹ mọ bí iná wa ṣe rí.

Gíga okùn yẹn kì í dúró lójú kan. Nígbà ọyẹ́, igi béèsì máa ń gbẹ, ojú rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, okùn á sún mọ́ pátákó. Bí òjò bá dé, igi á mu omi, okùn á tún ga. Ìdánrawò tó rọrùn ní oṣù Kìíní lè máa dun ọwọ́ ní oṣù Keje, kó má sì jẹ́ ẹ̀bi ọwọ́.

## Ṣé irú béèsì yín ni wọ́n kọ ọ́ fún?

Orúkọ ẹni tó kọ ìwé ló máa sọ bí iṣẹ́ yín ṣe máa pọ̀ tó.

Franz Simandl, ará Bohemia tó lu béèsì ní Vienna, kọ ìwé rẹ̀ fún E-A-D-G gan-an, pẹ̀lú ìka 1-2-4. Tirẹ̀ ló sún mọ́ wa jù. Ìka apá òkè (lọ́dọ̀ bíríìjì), bóò àti ìyára nìkan ni ẹ máa fọwọ́ kàn.

Giovanni Bottesini lo béèsì olókùn mẹ́ta: A, D, G. Kò sí E lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ìdánrawò olókùn mẹ́ta bá sọ̀kalẹ̀ dé A tó sì ṣàdédé fò padà sókè, ẹ kọ́kọ́ fura pé àìsí okùn ló fa fífò yẹn, kó má jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni ẹ pè é.

Isaia Billè, ará Ítálì, ń lo 1-3-4 níbi tí Simandl ti ń lo 1-2-4. Ohùn kan náà, ibì kan náà lórí okùn, ìka àárín àti ìka òrùka ló gba ipò ara wọn. Ẹ mú ọ̀kan. Bí ẹ bá ti fi 2 kọ́ ọwọ́ yín, ẹ pa gbogbo 3 inú ìwé rẹ̀ rẹ́ láti orí béèsì dé ibi tí ọrùn ti wọ ara, ẹ kọ 2 sí i. Ẹni tó ń lo 2 láàárọ̀, tó ń lo 3 lálẹ́, ìka rẹ̀ ò ní mọ ibi tó ń balẹ̀ sí.

Orin Vienna ìgbà Johannes Sperger (1750 sí 1812) yàtọ̀ pátápátá. Béèsì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ní okùn márùn-ún, F-A-D-F♯-A, férètì, àwọn ìlà tó dábùú ọrùn bíi ti gìtá, sì wà lọ́rùn rẹ̀. Okùn mẹ́ta tó wà lókè lásán ti jẹ́ kọ́ọ̀dù D (nóòtì d, m, s tó ń dún pọ̀ ní key D) kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ohun tó jẹ́ eré ọwọ́ fún wọn lè di òkè ńlá fún ẹni tó wà lórí E-A-D-G. Mo máa padà sórí rẹ̀.

Ohun kan tún kan gbogbo wọn: okùn tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe ló wọ́pọ̀ títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Okùn ìfun nípọn, kì í tètè dáhùn, ohùn rẹ̀ kì í sì pẹ́ nílẹ̀. Okùn onírin yín ń dáhùn kíá, ó sì ń dún lọ lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò lórí rẹ̀. Níbi tí ìwé àtijọ́ bá ti fi àmì ìsinmi sí, ohùn okùn ìfun lè ti kú fúnra rẹ̀; tiyín, ẹ̀yin ni ẹ máa fọwọ́ pa á. Ẹ kọ "pa" sórí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n.

## Ìgbésẹ̀ méje

1. Ẹ wá ohun tí ìdánrawò náà ń kọ́ni.
Ẹ wo ohun tó ń padà wá ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣé ọwọ́ òsì ló ń sún? Ṣé bóò ló ń fò láti okùn kan sí èkejì? Ṣé ìka 2 àti 4 ló ń pààrọ̀ ara wọn? Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan sókè ìwé: "bóò ń fò láti E sí D", tàbí "ìka 1 ń sún lórí okùn kan". Bí ẹ kò bá tíì rí ohun tí ẹ máa kọ síbẹ̀, ẹ má tíì yí ohunkóhun.

2. Ẹ fi ẹnu kọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn.
Béèsì ńlá kò ní férètì tí yóò gba ìka yín sílẹ̀. Etí ló ń darí rẹ̀. Ẹ kọ sólfà sábẹ́ nóòtì pẹ̀lú pẹ́ńsù, d r m f s l t, kí ẹ sì kọ ọ́ jáde lẹ́nu ní ibi tí ohùn yín bá lè dé. Bí nóòtì kan bá yà kúrò nínú key, fe tàbí ta ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ kọ́yà tí ẹ rò pé àìmọ stáàfù, ìlà márùn-ún yẹn, ti fà yín sẹ́yìn, ẹ ti ṣáájú ọ̀pọ̀ níbí: ẹni tó ti ń kọ apá béèsì nínú sólfà ti mọ ohùn kó tó mọ ìka.

3. Ẹ tún ìka kọ, àmọ́ níbi tó yẹ nìkan.
Ibí ni ìrora ti ń wá, ẹ jẹ́ ká rọra wò ó.

Okùn béèsì ńlá tó wọ́pọ̀ gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 105 láti orí rẹ̀ dé bíríìjì. Ti gìtá béèsì jẹ́ bíi 86. Ẹ fi ìka mẹ́rin sórí ààbọ̀ ohùn (semitone) mẹ́rin tó tẹ̀ léra lórí okùn E, láti F dé G♯. Lórí gìtá, ọwọ́ yín là tó sẹ̀ǹtímítà 13. Lórí béèsì ńlá, ó di bíi 16. Ọwọ́ tí ń ro ọ̀pọ̀ yín, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: ẹ gbé ìka gìtá wá sórí nǹkan tó tóbi jù ú lọ.

Àwọn tó ń lo 1-2-4 mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti ìka 1 dé ìka 4 nítòsí orí béèsì, odidi ohùn kan péré ni, bíi sẹ̀ǹtímítà 11. Ìka 3 kò ní nóòtì tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ 4 ló wà, tí ń bá a tẹ okùn mọ́lẹ̀.

Bí ọwọ́ bá ṣe ń sún mọ́ bíríìjì, àlàfo ń dín kù. Ní ibi tí ọrùn ti wọ ara béèsì, tó jẹ́ pé lórí ọ̀pọ̀ béèsì D tàbí E♭ ti okùn G ló máa ń bọ́ síbẹ̀, ìka mẹ́rin lórí ààbọ̀ ohùn mẹ́rin ò gbà ju bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ. Iye tí 1-2-4 ń gbà nítòsí orí náà nìyẹn. Ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí:

- Láti orí béèsì títí dé ibi tí ọrùn ti wọ ara: ẹ fi 1-2-4 tí ìwé kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
- Láti ibẹ̀ dé àárín okùn: ẹ lè kọ 1-2-3-4 sí i, bó bá dín iye ìgbà tí ọwọ́ ń sún kù. Bí kò bá dín in kù, ẹ fi ti ìwé sílẹ̀.
- Láti àárín okùn lọ: àtàǹpàkò á jáde kúrò lẹ́yìn ọrùn, á wá sórí okùn, a ó sì lo 1, 2, 3. Ọmọńdinrín kúrú jù fún ibẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà, ti François Rabbath, oníbéèsì kan, níbi tí àtàǹpàkò ti ń dúró lójú kan lẹ́yìn ọrùn, tí ọwọ́ á máa yí síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀. Ó dáa gan-an fún ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ ibi tí ohùn wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí gìtá bọ̀, n kò ní kí ó fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

4. Ẹ gé ìdè bóò.
Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá so nóòtì mẹ́jọ pọ̀ sórí ìfà bóò kan, ẹ gé e sí mẹ́rin-mẹ́rin, bó bá ṣì ń há, sí méjì-méjì. Lẹ́yìn tí ọwọ́ òsì bá ti balẹ̀, ẹ tún wọn so padà bí ìwé ṣe fẹ́. Ìdè gígùn yẹn lè jẹ́ ẹ̀kọ́ gan-an. Ẹ wo gbólóhùn tí ẹ kọ sókè ìwé. Bó bá jẹ́ òun ni ẹ̀kọ́, ẹ ò gbọdọ̀ pa á tì pátápátá.

5. Ẹ dín ìyára kù.
Ìwé àtijọ́ mìíràn ò kọ nọ́ńbà métírónóòmù, ọ̀rọ̀ bíi Moderato ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ gbé métírónóòmù sí 60, kí nóòtì kọ̀ọ̀kan gba ìró méjì. Bí ẹ bá ti ṣe é láìsí àṣìṣe ohùn lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra, ẹ fi 4 kún un. Ẹ má fò láti 60 bọ́ sí 80 tórí pé ara yá yín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

6. Ẹ gbé e lọ sí key tí ẹ ń lò.
Ohun tí ẹ kọ́ ní key G gbọ́dọ̀ dé F, B♭ àti E♭, tórí ibẹ̀ ni kọ́yà àti àwọn onífèrè máa bá yín. Sólfà ò ní yí, ìka ló máa yí. Ẹ kọ ìka tuntun kí ẹ tó lù ú, ẹ má ṣe é lójú ẹsẹ̀.

7. Ẹ fi ìka fà á, kí ẹ sì wọ ìlù fún un.
Ẹ gbé bóò sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa lu kónkóló lórí agogo, tàbí kí ẹ gbà á sórí fóònù. Kónkóló ní ìṣísẹ̀ 12. Ẹ fi nóòtì kan sí ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, nóòtì mẹ́rin á bọ́ sínú ìyípo kan. Ìdánrawò tí ẹ pè ní òkú ìwé á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àmọ́ ìgbésẹ̀ keje ni mo fi í sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ìlù, ìlù á bo ohùn tí kò tọ́ mọ́lẹ̀, kò sì ní gbọ́ ọ.

## Àpẹẹrẹ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Mo hun èyí fúnra mi ní àrà ìwé àtijọ́. Sikéèlì F ni, ọwọ́ dúró sí pòsíṣọ̀n (ibi tí ọwọ́ òsì wà lórí ọrùn) tí Simandl pè ní ìdajì, ìyẹn ibi tí ìka 1 ti wà ní ààbọ̀ ohùn kan sí orí okùn:

- Sólfà: d r m f s l t d'
- Nóòtì: F G A B♭ C D E F
- Okùn: E E A A A D D D
- Ìka: 1 4 0 1 4 0 2 4

Ẹ̀yin onígìtá, ẹ wò ó dáadáa. Lórí gìtá, 1 3 0 1 3 0 2 3 ni ẹ ì bá lò. Ìka 3 yín ti di 4, kò sí ohun mìíràn tó yí. Bí ìyẹn bá ti wọ ọwọ́, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ẹ wá fi fífò okùn sí i. Sólfà: d m r f m s f l s t l d'. Ìka: 1 0 4 1 0 4 1 0 4 2 0 4. Ọwọ́ òsì kò kúrò lójú kan rárá. Gbólóhùn tí a ó kọ sókè: "bóò ń fò, ọwọ́ dúró."

Ohun tí ẹ máa gbọ́ lórí okùn onírin ni pé A tí a kò tẹ̀ ń dún bo G tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ìka tó ń tẹ G lórí okùn E rọra kan okùn A, láìtẹ̀ ẹ́. Ohùn á dákẹ́. Irú iṣẹ́ kékeré báyìí ò sí nínú ìwé, ẹ̀yin ni ẹ máa fi kún un.

Ẹnì kan lè ní, "N ó kúkú tẹ A yẹn lórí okùn E." Ó ṣeé ṣe: F pẹ̀lú ìka 1, ẹ sún ọwọ́, G pẹ̀lú ìka 1, A pẹ̀lú 4. Ṣùgbọ́n ẹ ti kúrò lórí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ìdánrawò mìíràn nìyẹn, ti sísún ọwọ́, gbólóhùn tirẹ̀ á sì jẹ́ "ìka 1 ń sún láti F sí G lórí okùn kan." Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tirẹ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀, kí ẹ má wá máa rò pé fífò bóò ni ẹ ń kọ́ nígbà tó jẹ́ ọwọ́ òsì ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ gbé sikéèlì náà lọ sí key G. Ọwọ́ á sún ààbọ̀ ohùn kan, sí pòsíṣọ̀n kìíní: 2 0 1 2 0 1 4 0. Ní F, okùn tí a kò tẹ̀ jẹ́ m àti l. Ní G, ó di r, s àti d' tó wà lókè. Ẹ kọ́ ọ títí etí yóò fi mọ ìyàtọ̀ náà.

Tó bá jẹ́ ìwé olókùn mẹ́ta ni ẹ ń lò, tí ìlà kan sọ̀kalẹ̀ báyìí: D C B A, tó wá fò lọ sí G òkè, ẹ fi okùn E yín parí rẹ̀: D C B A G F♯ E. Ìka rẹ̀ ní pòsíṣọ̀n kìíní: 0 2 1 0 2 1 0. Ohun tí ẹ ń ṣe lórí okùn A náà ni ẹ tún ṣe lórí E.

## Àmì tó máa ń tan ni jẹ

- H àti B. Nínú ìwé tí wọ́n kọ ní èdè Jámánì, B ni B♭, H ni B gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ á máa lu key tí kò sí.
- I, II, III. Nínú ìwé kan, pòsíṣọ̀n ni. Nínú òmíràn, nọ́ńbà okùn ni. Ẹ fi ìka tó wà lábẹ́ rẹ̀ dán an wò, èyí tó bá bọ́gbọ́n mu ni.
- Òdo kékeré. Lórí nóòtì, ó lè jẹ́ okùn tí a kò tẹ̀, ó sì lè jẹ́ ohùn fèrè tí a ń rí bí a bá kan rọra fọwọ́ kan okùn. Bó bá ní ìrù lábẹ́, àtàǹpàkò ni.
- T àti P nínú ìwé Faransé, irú ti Edouard Nanny: T ni fa bóò kúrò ní ìdí rẹ̀, P ni tì í padà.
- Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Béèsì ńlá ń dún ní octave kan (àlàfo láti d dé d') sísàlẹ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, bíi ti gìtá béèsì. Ẹ má tún gbé e sọ̀kalẹ̀ mọ́.

## Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣìṣe

Èyí tó pọ̀ jù ni kíkà á láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn bí ìwé ìtàn. Ìdánrawò méjì lọ́sẹ̀, tí a ti tún ṣe dáadáa, sàn ju ojú ewé mẹ́wàá tí a sáré kọjá lọ.

Àwọn kan a máa pa gbogbo ìka inú ìwé rẹ́ tórí pé "ti àtijọ́ ni". Àwọn mìíràn ò ní fọwọ́ kan ọ̀kan ṣoṣo tórí pé "àwọn àgbà ló kọ ọ́". Ó ya mi lẹ́nu pé àwọn ẹni kejì yìí ló máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó yí padà.

Èkẹta ni àìgba ohùn ara ẹni sílẹ̀. Lẹ́bàá béèsì, etí ń gbọ́ ariwo ara igi, kì í gbọ́ ohùn tó lọ síwájú. Ẹ gbé fóònù sí ìkángun kejì yàrá.

## Ìkìlọ̀

Bí ìrora bá mú, ẹ dúró. Kó rẹ ọwọ́ kò burú. Ìrora tó gún ní ọrùn ọwọ́ tàbí ní ìdí àtàǹpàkò, ẹ gbé béèsì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá tún padà lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ wò ó bóyá àtàǹpàkò yín ń fún ọrùn béèsì pa. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìwúwo apá máa fa ìka sórí okùn. Ẹ ó rí i pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ má yí okùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní mo máa padà sórí béèsì Vienna. Àwọn kan fẹ́ yí okùn G wọn sókè dé A kí wọ́n lè lu ìdánrawò ìgbà Sperger bó ṣe wà. Okùn tó bá ga sókè ní odidi ohùn kan, fífà rẹ̀ á fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn sórí béèsì àtijọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá nígbà ọyẹ́, igi lè là. Okùn tí wọ́n ṣe fún ohùn gíga wà lọ́tọ̀. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ fi G sílẹ̀ ní G.

Oòrùn. Rósìn béèsì, oje líle tí a fi ń pa irun bóò, rọ̀ ju ti fáólìnì lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan, ẹ ó bá a bó ti yọ́ mọ́ àpò. Béèsì fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀ rárá. Ní ti gbígbé e kiri, ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú onítakisí Micra: nǹkan tó ga ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ kò lè wọ ibẹ̀. Kòròpé tí kò kún ni kí ẹ wá, kí ẹ sanwó ìjókòó ẹ̀yìn, kí ẹ yí bíríìjì sókè kí ohunkóhun má tẹ̀ ẹ́.

## Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín

*Ẹ kò ní bóò.* Ẹ fi ìka fà á. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ òsì ò yàtọ̀. Ìdánrawò tí gbólóhùn òkè rẹ̀ jẹ́ ti bóò ni kí ẹ fò.

*Béèsì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀.* E-A-D-G ni gìtá béèsì náà, octave kan náà sì ni. Ẹ lo 1-2-4 lórí gìtá nílé láàárín ọ̀sẹ̀, kí ọwọ́ gbàgbé ìka 3 lápá orí. Àlàfo ò ní bá ara mu, ṣùgbọ́n ètò ìka á ti wọlé.

*Ilé onílé ni ẹ ń gbé, àwọn ará ilé ò fẹ́ ariwo lálẹ́.* Ẹ tẹ̀ ẹ́ láìfà á, kí ẹ máa kọ sólfà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Sísún ọwọ́ ṣeé kọ́ bẹ́ẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

*Ọwọ́ yín kéré, tàbí ọmọ ni ẹ ń kọ́.* Ìwọ̀n béèsì tí wọ́n ń pè ní 3/4 ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lù. 1/2 àti 1/4 wà fún ọmọdé. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọmọ náà láti pòsíṣọ̀n tó sún mọ́ ibi tí ọrùn ti wọ ara, níbi tí àlàfo ti kéré, kí ẹ máa bọ̀ lápá orí díẹ̀díẹ̀. Ìwé àtijọ́ ń lọ láti orí wá. Ẹ yí i po.

*Ìlà orin inú ìwé ò wù yín.* Ẹ mú apá béèsì nínú orin kọ́yà yín, èyí tó wà ní sólfà, kí ẹ fi ìka ìdánrawò náà sí i. Bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ "ìka 1 ń sún", ẹ wá orin tí béèsì rẹ̀ ń rìn ní odidi ohùn, kí ẹ kọ ọ́ sórí okùn kan ṣoṣo.

*Ẹ ò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú nínú àwọn ìwé náà.* Simandl apá kìíní títí ọwọ́ yóò fi mọ gbogbo pòsíṣọ̀n dé ibi tí ọrùn ti wọ ara. Lẹ́yìn náà, Billè tàbí Nanny, èyí tí ẹ bá rí. Bottesini lẹ́yìn ìyẹn, tórí apá òkè okùn ló ti ń dára jù, níbi tí àtàǹpàkò ti ń ṣiṣẹ́. Ti Vienna àtijọ́, ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ wá kọ́ọ̀dù D inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tú u sí nóòtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ìka tiyín sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ìka kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.